Ẹ̀gbọ́n Ń Lọ sí Iṣẹ́ Ológun: Ta Ló Ń Bá Àbúrò Sọ̀rọ̀?

Ojú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá Togo ni Glei wà, láàárín Atakpamé àti Anié. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ lọ sí bárékè ní Kara ń gbà kọjá. Bí orúkọ ọmọ ilé kan bá jáde nínú àwọn tí iṣẹ́ ológun gbà, ilé á kún. Àwọn àgbà á wúre, ìyá á gún iyán, àwọn ọ̀rẹ́ á ti máa pè é ní ọ̀gá sójà kó tó fọwọ́ kan ìbọn rí. Gbogbo ẹnu ló ń bá ẹni tó ń lọ sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà láti kékeré wà níbẹ̀, ó ń pín omi fún àlejò, kò sì sẹ́ni tó bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Wọ́n á ní ọmọdé ni, á gbàgbé.

Kì í gbàgbé. Bí a ṣe ń múra fún ẹni tó ń lọ ló yẹ ká múra fún àwọn tó ń kù sílé, ká sì ṣe é kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé, kì í ṣe ìgbà tí ọmọ bá ti ń fìdí rẹmi nílé ẹ̀kọ́ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn kan á ní kí lọmọdé mọ̀ tó ń bà á lẹ́rù. Rédíò tí bàbá ń gbọ́ lòun náà ń gbọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2021, bọ́ǹbù tí wọ́n rì sójú ọ̀nà pa sójà Togo 7 tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Mali, nígbà tí wọ́n ń ti Douentza lọ sí Sévaré. Bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni irú ikú bẹ́ẹ̀ wọ ilé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn agbésùmọ̀mí kọlu ibùdó sójà ní Kpékpakandi ní agbègbè Savanes. Sójà 8 kú, 13 fara gbọgbẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e nìjọba kéde ipò pàjáwìrì ní gbogbo Savanes. Láti Glei dé Dapaong ju 400 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó kọjá lẹ́yìn ilé yín náà ló dé ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè pé, “Ṣé wọn ò ní pa ẹ̀gbọ́n mi?” ẹ má dá a lóhùn pé kò sí nǹkan kan. Ó máa mọ̀ pé irọ́ ni, láti ọjọ́ náà lọ ni kò sì ní bi yín léèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì sọ òótọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbà: pé iṣẹ́ náà léwu, pé wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rán an níbì kan, pé kì í ṣe gbogbo sójà ni wọ́n ń rán lọ sí Savanes, pé ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù nígbà míì. Mo mọ̀ pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí á ṣòro fún ọ̀pọ̀ bàbá. Kò dín iyì bàbá kù. Ọmọ tó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bẹ̀rù ti rí ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ológun ní Togo tún ní ìdí kan tó ń mú kí àwọn àgbà dákẹ́. Àwọn sójà ló pa Ààrẹ Sylvanus Olympio ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1963. Ọjọ́ yẹn gan-an ní ọdún 1967 ni ọ̀gágun Eyadéma gba ìjọba, kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí tó fi kú ní oṣù Kejì ọdún 2005. Ilé kan lè máa yangàn pé ọmọ àwọn di sójà, kí ilé kejì rántí ohun tójú wọn rí lọ́wọ́ sójà. Àbúrò á gbọ́ méjèèjì lójú pópó, àti ìyìn àti èébú. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún un nílé kí àwọn ará ìta tó bá a sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, kó lè mọ̀ pé ohun tí àwọn kan ṣe kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Ilẹ̀ Atakpamé sì ti mọ sójà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní Kamina, nítòsí ìlú náà, ni àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso Togo nígbà náà kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dé tòsí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn tó kọ́ ọ ló fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́, wọ́n sì túúbá lọ́jọ́ 26 oṣù náà. Adúláwọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ru ìbọn ní ìhà méjèèjì. Orúkọ àwọn ọ̀gágun wà nínú ìwé. Mi ò tíì rí ìwé tó sọ ti àwọn àbúrò tó ń retí wọn nílé.

Ẹnì kan wà tí ìtàn rẹ̀ lè fi ohun tí ìrètí yẹn jẹ́ hàn wá. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀ ní Nàìjíríà, wọ iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1942, ọmọ ọdún 16 ni. Kò bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè. Wọ́n gbé e dé Burma, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan yìnbọn fún ẹgbẹ́ wọn létí odò Kaladan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fọ́. Àgbẹ̀ kan ládùúgbò náà, Shuyiman, àti ìdílé rẹ̀ ló fi í pa mọ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ títí di oṣù Kejìlá ọdún náà tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ fi rí i. Bí oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi lè fi ohùn kankan ránṣẹ́ sílé. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ọdún 2012 ló tó kú. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú rẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, ẹni tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ kò tíì kú. Ìkejì ló dùn mí jù: ọmọ tó fi ilé sílẹ̀ láìsọ gbé ẹrù tó wúwo lé àwọn tó kù lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò àtiforúkọ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nílé kí ẹ tó lọ, bí ẹ bá tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa bínú.

Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Pauline Boss, fara balẹ̀ wo ìdílé àwọn sójà tó sọnù lójú ogun Vietnam. Ohun tó rí ni pé ẹni tí kò sí nílé tí kò sì kú máa ń mú ọkàn rú ju bí a ṣe rò lọ, nítorí ẹbí kò mọ̀ bóyá kí àwọn sunkún tàbí kí àwọn máa bá ìgbésí ayé lọ. Ẹ̀gbọ́n tó lọ sí bárékè kò sọnù, mo mọ̀. Àmọ́ nǹkan díẹ̀ nínú ìrúkèrúdò ọkàn yẹn ń dé bá àbúrò: àwo ẹ̀gbọ́n wà lórí pẹpẹ, wọn ò bu oúnjẹ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iṣẹ́ ilé, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ ọ̀pọ̀ àbúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ fìyà jẹ wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ Togo, tí àwọn míì ń pè ní Ana, bíi lọ́dọ̀ gbogbo ọmọ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ló ń dúró fún bàbá nígbà tí bàbá kò sí. Òun ló ń kọ ebè iṣu, òun ló ń gbé àgbàdo àti òwú wá láti oko, òun ló ń sáré gun ọ̀kadà lọ sí Atakpamé bí ara ìyá kò bá yá lóru, òun ló ń san lára owó ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń la ìjà àwọn kékeré. Bó bá lọ tán, ẹni tó tẹ̀ lé e ni gbogbo rẹ̀ máa ń já lé lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmọ tó tún ń múra ìdánwò BEPC. Wọ́n á ní, “Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n báyìí.” Ta ló gbà á níyànjú? Ta ló bi í bóyá ó lè ṣe é?

Ẹ pe ìpàdé ilé nígbà tí ẹni tó ń lọ ṣì wà níbẹ̀. Kó fẹnu ara rẹ̀ ka gbogbo ohun tó ń ṣe, kí ẹ sì pín in. Ẹ̀gbọ́n obìnrin á mú díẹ̀, àbúrò bàbá á mú oko fún ọdún àkọ́kọ́ tàbí kí ẹ gba alágbàṣe, bàbá fúnra rẹ̀ á padà sí àwọn iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ fọ́mọ. Ohun tí ẹ bá fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kó jẹ́ èyí tí ìwé kíkà rẹ̀ lè gbà. Bó bá sì jẹ́ pé obìnrin lẹ̀gbọ́n tó ń lọ (àwọn obìnrin wà níbẹ̀, obìnrin, Marguerite Gnakadè, ló tiẹ̀ ṣe mínísítà ètò ológun Togo láti 2020 dé 2022), ẹ má wulẹ̀ kó gbogbo ìdáná àti ọmọ títọ́ fún ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e bí ẹni pé ọkùnrin kò ní ọwọ́.

Ìwé ńkọ́? Ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí, ti ìgbéyàwó bó bá ní aya, àti ti ọmọ bó bá ti bímọ, kí ẹ ṣe wọ́n kó tó lọ, kí wọ́n sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì nínú ẹbí. Kó sọ fún yín orúkọ ẹni tó kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n ránṣẹ́ pè bí nǹkan bá ṣe òun. Ọ̀pọ̀ ẹbí ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń pe ikú. Ẹni tí wọn ò kọ orúkọ aya rẹ̀ síbì kankan, àwọn ẹbí ni yóò máa bá aya náà jà nígbà tó bá yá.

Ti fóònù gba ìṣọ́ra. Nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, sójà kì í ní fóònù lọ́wọ́ nígbà tó bá wù ú. Ẹ bá a ṣàdéhùn pé ìgbà tó bá ráyè ni yóò pè, kí ẹ sì sọ fún àbúrò pé bó bá pẹ́, kì í ṣe pé inú ń bí i. Bí ìpè bá wá dé, kí ọmọ náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí àwọn àgbà má fi ọ̀rọ̀ owó jẹ ẹ́ tán. Ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ológun sórí WhatsApp tàbí Facebook, ẹ má kọ ibi tí wọ́n rán an lọ síbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìròyìn ikú tó bá sì dé láti inú ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹ má gbà á, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú, títí ẹ ó fi gbọ́ lẹ́nu àwọn ológun fúnra wọn. Bákan náà, bí ẹnì kan bá pè pé ọmọ yín fara gbọgbẹ́, tó ní kí ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù: ẹ pa ìpè náà, kí ẹ pe nọ́ńbà tí ọmọ yín fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ pé òun á bá a wọ iṣẹ́ ológun, olè kan náà ni.

Bí àbúrò kò bá jẹun dáadáa, tó ń ta jí lóru, tó ń bá gbogbo èèyàn jà, tàbí tí máàkì rẹ̀ já wálẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ mú pàṣán. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò yí padà, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Atakpamé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọkùnrin pé ọkùnrin kì í sunkún.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ̀gbọ́n á gba àyè wá sílé, aṣọ rẹ̀ á gún régé, àwọn ọmọ àdúgbò á sì tẹ̀ lé e kiri. Ìgbà yẹn ni àbúrò máa ń sọ pé òun náà fẹ́ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì fò sókè fáyọ̀. Ẹ bi í bóyá iṣẹ́ náà ló wù ú ni àbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà, ọ̀nà wà. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun tó wà ní Tchitchao ní Kara, ẹni tó bá sì ti gba BAC ní àǹfààní tí ẹni tó sá kúrò nílé ẹ̀kọ́ kò ní. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ mú un jókòó, kó sọ àwọn nǹkan tí kò sọ lórí fóònù fún un: bí òùngbẹ ṣe rí, bí òru ṣe gùn, èyí tó wù ú nínú iṣẹ́ náà àti èyí tí kò wù ú. Kí ẹ fi ìpinnu sílẹ̀ títí ìdánwò ọdún yẹn yóò fi parí.