Wọ́n ní kí wọ́n má padà, wọ́n padà: àwọn àgbẹ̀ tó ń pọn wáìnì lẹ́nu òkè oníná

Ẹ lọ sóde ìnáwó kan l'Óṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, yálà ní Òkè-Fìà tàbí ní Òkè-Bàálẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé wáìnì pupa aládùn sórí tábìlì, kíá ni ìgò yóò gbófo. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ funfun tí kò ládùn ni, ẹnì kan á tọ́ ọ wò, á fajú ro, á ní, "Èyí mà ti kan o!" Wọ́n á bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí olóde yóò fi kó o wọlé. Bẹ́ẹ̀ kò kan. Bí ọtí ọ̀hún ṣe rí nìyẹn, àwọn tó pọn ọ́n ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ẹmu dáadáa kò yẹ kó bá wọn jiyàn. Ẹmu tí adẹ́mu bá gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ní abúlé Ìjẹ̀ṣà, dídùn ló ń dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n á máa hó nínú akèrègbè. Ìwúkàrà ló ń fà á, kòkòrò tín-ń-tín tí ojú lásán ò lè rí, tó ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Nígbà tí yóò fi dìrọ̀lẹ́, adùn ti lọ, agbára ti dé, àwọn àgbà tó mọ nǹkan á sì ní ìgbà yẹn gan-an ló tó mu. Omi èso àjàrà náà nìyẹn. Bí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà rẹ̀ tán pátá, ohun tó kù ni òyìnbó ń pè ní wáìnì dráì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń wọ inú akèrègbè, kòkòrò mìíràn á tún wọlé, ẹmu á wá kan lóòótọ́. Àwọn oníwáìnì dé ọmọrí mọ́ tiwọn pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà ráàyè, òun ló ṣe ń pẹ́ nílẹ̀.

Iléṣà kì í sì ṣe ìlú téèyàn ń kọ́ nípa ọtí. Láti oṣù kejìlá ọdún 1978 ni iléeṣẹ́ International Breweries ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà níbẹ̀, tí Trophy sì di ohun tí wọ́n mọ̀ káàkiri.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ilẹ̀ Faransé nìkan ni wáìnì funfun dráì ti ń wá. Ó ń wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, láti orílẹ̀-èdè kan tí òun àti Nàìjíríà jọ wà nínú ECOWAS. Cape Verde lorúkọ rẹ̀, erékùṣù mẹ́wàá ni wọ́n, láàárín agbami òkun níwájú Senegal. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn nínú wọn ń jẹ́ Fogo. Iná ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè Potogí, wọn ò sì fi ṣàwàdà, nítorí òkè ayọnáyèéfín ni gbogbo erékùṣù náà, ṣóńṣó rẹ̀ ga tó mítà 2,829.

Nínú kòtò ńlá kan lórí òkè yìí, níbi tí wọ́n ń pè ní Chã das Caldeiras, làwọn èèyàn ń gbé. Ẹ ò ṣì gbọ́. Inú kòtò tí iná ti ń yọ ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbin àjàrà sí. Eérú dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀, bíi pé èèyàn da èédú lílọ̀ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Òjò ò pọ̀, wọn ò sì bomi rin nǹkan kan. Ṣùgbọ́n eérú yẹn ń fa ìrì àti ọ̀rinrin kùrukùru mọ́ra, ló bá ń bọ́ gbòǹgbò àjàrà. Wọ́n á gbẹ́ kòtò kéékèèké, wọ́n á gbin igi náà jìnnà síra, á máa nà gbalaja lórí ilẹ̀. Àjàrà Moscatel ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó funfun. Òórùn rẹ̀ máa ń ta sánsán bí òdòdó, ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ á rò pé ṣúgà ló fẹ́ mu, àfi tó bá kan ahọ́n.

Ní Santorini, ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí òkè oníná wà bákan náà, ńṣe ni wọ́n ń lọ́ igi àjàrà po bí agbọ̀n kí atẹ́gùn má baà fà á ya. Ní erékùṣù Pico tó jẹ́ ti Potogí, òkúta dúdú ni wọ́n fi ń mọ ògiri kúkúrú yí tiwọn ká.

Ìtàn Fogo tún ní apá tó dùn ún gbọ́. Ọkùnrin Faransé kan, Armand Montrond, dé síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì jókòó pa. Wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ àjàrà ibẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tó gbìn pọ̀ ju àjàrà lọ: ọmọ rẹpẹtẹ ló bí, kì í sì ṣe obìnrin kan ṣoṣo ló bí wọn fún un. Títí dòní, ọ̀pọ̀ èèyàn nínú kòtò yẹn ló ń jẹ́ Montrond.

Wàhálà wá ni pé òkè náà kì í sùn pẹ́. Ó bú ní 1951, ó tún bú ní 1995. Ìjọba kọ́ ilé fáwọn èèyàn náà nísàlẹ̀ òkè lẹ́yìn ti 1995, wọ́n gba ilé o, ṣùgbọ́n wọ́n tún gòkè padà sídìí oko wọn. Ní 1998 ni wọ́n da ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n ní ilé ìpọntí, wọ́n ń rọ wáìnì sígò, wọ́n kọ Chã sí i lára, ọwọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́nu.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 2014. Ilẹ̀ là, àpáta yíyọ́ pọ́n yòò bí irin alágbẹ̀dẹ, ó ń rọra wọ́ bọ̀. Nítorí pé kò yára, ẹ̀mí ò bá a lọ. Àwọn kan tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wọn, wọ́n gbé e sọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó lè dá a dúró. Ó gbé abúlé Portela mì, ó gbé Bangaeira mì, ó bo ilé ìpọntí náà, ó sì run lára oko àjàrà. Nǹkan bí 1,000 èèyàn ló di aláìnílé. Oṣù kejì ọdún 2015 ló tó rọlẹ̀.

Ìjọba ò fẹ́ kí wọ́n padà, nítorí ewu. Èèyàn ò lè ní ìjọba ò gbọ́n, ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn lẹ́bàá ààrò tí iná rẹ̀ ò kú? Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ kí àgbẹ̀ máa jẹ nísàlẹ̀ òkè, níbi tí oko rẹ̀ kò sí? Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́sí, tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè àfi tówó bá bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ará Fogo lóṣòó ti òkè náà. Àpáta ò tíì tutù tán tí àwọn kan ti padà lọ kọ́lé lórí àwọn ilé tó rì. Wọ́n ká àjàrà tó ṣẹ́kù, wọ́n sì tún ilé ìpọntí kọ́.

Ó ṣì ń yọ orí síta láàárín àpáta dúdú ọ̀hún, òrùlé àwọn ilé àtijọ́. Ọdún 44 ló wà láàárín ti 1951 sí 1995, ọdún 19 péré ló wà láàárín ìyẹn àti 2014. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ ìṣirò yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ wọnú eérú lọ ká Moscatel.