Ìrètí Kì í San Owó Ilé

Ní ọdún 2006, ìjọba gbé èbúté Àpápá lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ni mí nígbà náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n ṣe sùúrù. Onílé mi ní Àjégúnlẹ̀ kò gba sùúrù, owó ló ń gbà.

Ládùúgbò wa, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń wàásù ìrètí. Wọ́n á ní, “Ẹ wo Odion Ighalo, ọmọ wa tó dé Manchester United ní 2020!” Ibi tí wọ́n ń fò nínú ìtàn náà ló wù mí jù. Ní Ife Àgbáyé 2018, ó pàdánù góòlù níwájú Ajẹntínà, wọ́n nà wá ní 2-1, àwọn èèyàn sì bú u bí ẹni láyin. Ní 2019, góòlù 5 ló gbá wọlé ní Ife Áfíríkà, kò sẹ́ni tó jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana ládùúgbò wa ló máa di Ighalo? (Tèmi kò tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù í gbá.) Iṣẹ́ ọwọ́ kejì ni mo fara mọ́. Mo lọ kọ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ; “ọ̀gá” ni mo ń pè é.

Láti ìgbà tí èbúté Lẹ́kí ti dé ní 2023, àyà tún ń já àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù l’Àpápá, pé ẹrù lè kó lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀kan bi mí bóyá òun ti dàgbà jù láti kọ́ṣẹ́. Mo ní kó wá ní Mọ́ńdè, kó má wọ aṣọ funfun.