Ẹgbẹ́ Ọmọ Ilé Ìwé: Ta Ló ń Bójú Tó O?

Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé ní Avépozo, tó ní òun ti wọ ẹgbẹ́, ojú òbí tó jẹ́ Yorùbá máa ń yí padà. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ni ọmọ ń sọ, ó lè jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tàbí ti ijó ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹgbẹ́" nìkan ni òbí gbọ́, ohun tó sì sọ sí i lọ́kàn ni Nàìjíríà: àáké, ìbọn, ọmọ tí wọ́n rán lọ sí yunifásítì tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ọ̀pọ̀ a parí ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀: ìwé ni mo ní kí o lọ kà, tí wọ́n bá ti jáde, máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

A ò ní bá irú òbí bẹ́ẹ̀ jà, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á ní ìdí. Ní ọdún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje, tí Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbógun ti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí àwọn sì kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe bí òyìnbó ju òyìnbó lọ. Nígbà tó yá, àwọn kan ya kúrò, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, àwọn mìíràn tún dá tiwọn. Ìpàdé di ti òru, ohun ìjà wọ ọ̀rọ̀. Àwọn Pyrates fúnra wọn kó kúrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní 1984, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Lóru ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Ní 2021, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó lè rán ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21.

Èyí tó yẹ kí a dì mú nínú ìtàn yìí ni ibi tí nǹkan ti wọ́. Ìgbà tí kò sí àgbàlagbà kan tó lè sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń pàdé, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti ẹni tó máa dáhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ di òkùnkùn. Kò sí òbí tó lè fi ìkìlọ̀ lé ìfẹ́ ẹgbẹ́ kúrò lára ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá rí i nínú ilé ìwé lójú mọmọ, yóò rí i lẹ́yìn ilé ìwé.

Ẹ wo èrè rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ wa níbí ń sọ Yorùbá nílé, ó ń sọ Ewé àti Mina ní àdúgbò, Faransé sì ni ti kíláàsì. Ṣùgbọ́n Faransé kíláàsì, ìdáhùn ìbéèrè olùkọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn tàbí ti eré orí ìtàgé ni ọmọ ti máa ń fi èdè náà jiyàn, tó ń fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín, tó ń fi bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù kọjá Hillacondji rí, tó dúró níwájú àwọn aṣọ́bodè, mọ iye tí irú Faransé bẹ́ẹ̀ tó. Ọmọ tó bá sì jẹ́ akápò ẹgbẹ́ fún ọdún kan, tó ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, yóò wúlò ní ṣọ́ọ̀bù ju ẹni tó kàn ń jókòó ti ọjà lọ.

Àwọn ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ wa kàn jù. Ìjọba Togo fagi lé owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ní 2008, ó sì fagi lé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àti lycée ní 2021. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní wọ́n ní kí òun mú owó ẹgbẹ́ wá, tàbí owó ọ̀sẹ̀ àṣà tí wọ́n ń pè ní semaine culturelle, òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tó gbà á àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Kò sí ẹni tó ń san àjọ lọ́jà tí kì í gba káàdì. Kí ló dé tí ti ọmọ wa yóò fi jẹ́ ẹnu lásán? Ìwé kan ṣoṣo lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ti tó: orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ olùkọ́ tó ń bójú tó o, ọjọ́ ìpàdé, aago tí wọ́n ń tú ká, owó tó wọlé, owó tó jáde.

A mọ̀ pé olùkọ́ tí wọ́n bá gbé èyí lé lọ́wọ́ lè má gba kọ́bọ̀ kan lé owó oṣù rẹ̀. Ní Benin tó múlé tì wá, ìjọba gbé kíláàsì eré ìdárayá kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì wá àwọn olùkọ́ni fún iṣẹ́ náà. Bí ti Togo kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ òbí lè dá nǹkan díẹ̀ jọ fún ẹni tó ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ òkun kò ṣeé fi falẹ̀ ní tiwa. Etíkun Avépozo sún mọ́ wa débi pé kò sí ìrìn àjò ẹgbẹ́ tó rọrùn tó o, kò sì gba owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òkun yìí kì í ṣe odò tí ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lábúlé. Ìgbì rẹ̀ le, omi abẹ́ rẹ̀ a sì máa fa èèyàn lọ sínú, títí kan ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Olùkọ́ kan kò lè ṣọ́ ọgọ́ta ọmọ níbẹ̀. Kí ilé ìwé má ṣe kó ọmọ lọ sí etíkun láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé. Kí wọ́n kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ omi. Ẹni tó bá ní a ti le jù, kó lọ dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan kó wo bí omi ṣe ń fà.

Ẹ̀yin òbí náà, ìpàdé àwọn òbí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní APE wà, ṣùgbọ́n àwa Ànàgó kì í sábà yọjú síbẹ̀. A ní ọjà kò jẹ́, a ní Faransé ni wọ́n ń sọ. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó gbọ́ Faransé dání, ẹ fi ọjà sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ béèrè iye ẹgbẹ́ tó wà, ẹ béèrè olùkọ́ tó ń bójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ ọmọ yín kò ní olùkọ́, ẹ má tíì yọ ọmọ kúrò. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa yan ọ̀kan, kí ẹ sì padà lọ ní ọjọ́ náà.