Ẹ Jẹ́ Kí Tíṣà Kó Ọmọ Jáde

Ẹ bi ọmọ kíláàsì kẹfà léèrè ẹ̀yà ara òdòdó, yóò kà á fún yín wéréwéré. Ẹ wá mú un dé ìdí àgbàdo tó wà lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, kí ẹ ní kó fi òdòdó akọ hàn yín. Ńṣe ni yóò máa wò yín. Ọmọ yìí kò gọ̀ o. Àwa la há a mọ́ àárín ògiri mẹ́rin láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí a ní ibẹ̀ nìkan ni ìmọ̀ wà. Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Kí ló dé tí iléèwé wa fi fẹ́ràn ìròyìn tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní tíṣà ló ya ọ̀lẹ. Mo ní irọ́ ni! Ta ló fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níta? Bí ó bá sì dá a dánwò, hẹdimásítà á ní ó ń bá ọmọ ṣeré. Alábẹ̀wò á béèrè ohun tó kọ sójú pátákó. Òbí tó ń kọjá á ní, "Ṣé torí eré ni mo ṣe rán ọmọ mi wá?" Lọ́jọ́ kejì, tíṣà á jókòó jẹ́ẹ́ sínú kíláàsì. Ẹ̀bi ta ni?

Ẹ tún wò ó: ìgbà wo la máa ń rán ọmọ síta jù? Ìgbà tó bá ṣẹ̀ ni. Ó pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ó pariwo, kó lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn. A ti sọ ọgbà iléèwé di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, nínú ọgbà iléèwé, ó tó. Kí tíṣà sọ ohun tí wọn yóò wá fún wọn kí wọ́n tó jáde. Kí ó pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, kí ó yan olórí fún wọn, kí ó fi ààlà hàn wọ́n. Bí agogo bá ti dún, kí gbogbo wọn padà. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kí tíṣà kejì bá a dúró.

Ẹ̀kọ́ wo? Àgbàdo yẹn ńkọ́? Òdòdó tó wà lórí pátápátá ni akọ. Irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo, ti abo ni, hóró kọ̀ọ̀kan ló sì ní irun tirẹ̀. Òpó àsíá ńkọ́? Kí àwọn ọmọ kan fi okùn wọn òjìji rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, àwọn mìíràn ní agogo méjìlá, àwọn mìíràn ní agogo kan. Ní Èkó, wọ́n á rí i pé kì í ṣe agogo méjìlá ni òjìji kúrú jù. Ó ń di nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀ sí agogo kan. Ní oṣù kẹfà, òjìji ọ̀sán á bọ́ sí ìhà gúúsù. Ní oṣù kejìlá, á bọ́ sí àríwá. Ìṣirò àti jọ́gíráfì nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọn kò kàn pàṣẹ fún tíṣà kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n ṣe ìwé tuntun, wọ́n sì dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín jáde láìkọ́ni níta lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Hẹdimásítà, ẹ bá tíṣà yín jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Alábẹ̀wò, ẹ fún un ní máàkì bí ẹ ṣe ń fún ẹni tó fi ẹfun kọ́ni.

Àwa òbí náà, bí ọmọ bá dé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, kí á tó bú tíṣà, ẹ jẹ́ kí á bi í pé: kí lo rí lónìí?