Òṣì Nìkan Kọ́ Ló Wà Nínú Ìtàn Apu

Fíìmù mẹ́ta ni Satyajit Ray, olùdarí fíìmù ará Íńdíà, fi sọ ìtàn Apu, ọmọ tálákà kan láti abúlé ní Bengal: Pather Panchali (1955), Aparajito (1956) àti Apur Sansar (1959). Títí di òní, àwọn tó mọ iṣẹ́ sinimá dunjú ṣì ń kà wọ́n mọ́ èyí tó dára jù lọ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan kò yéé tẹ̀ lé wọn. Ní 1980, Nargis, gbajúgbajà òṣèrébìnrin tó ti di aṣòfin ní Íńdíà, fẹ̀sùn kan Ray pé òṣì ilẹ̀ Íńdíà ló ń kó lọ tà fún àwọn ará òkèèrè. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fíìmù wọ̀nyí yóò rí i pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀wọ̀ tí Ray fún àwọn tí òṣì ń bá fínra ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbó.

Inú ìwé ìtàn àròsọ méjì tí Bibhutibhushan Bandyopadhyay kọ ni ìtàn Apu ti wá. Ray ń yàwòrán fún ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Calcutta nígbà tí wọ́n ní kó ya àwòrán sínú ẹ̀dà kúkúrú tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ìtàn náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ní 1949, Jean Renoir, olùdarí fíìmù ará Faransé, wá wo ibi tí yóò ti ya The River, Ray sì bá a rìn kiri. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ray wo Bicycle Thieves ti Vittorio De Sica ní London. Ibẹ̀ ló ti dá a lójú pé èèyàn lè gbé kámẹ́rà jáde sí ìta gbangba, kó sì fi àwọn tí kò ṣe eré rí ṣe fíìmù tó yanjú.

Owó ni kò sí. Ọmọ ọdún 21 ni Subrata Mitra tó di kámẹ́rà mú, kò sì lo kámẹ́rà sinimá rí. Ní oṣù kẹwàá 1952, wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú pápá òdòdó funfun tí Apu àti Durga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ wo ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, màlúù ti jẹ òdòdó náà tán. Àfi kí wọ́n dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ray fi ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ dógò, iṣẹ́ ṣì dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ìjọba West Bengal fi gbé owó kalẹ̀. Inú ìwé, owó àtúnṣe ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Níbi ikú Durga ni a ti lè dá Nargis lóhùn. Harihar, bàbá wọn, kò sí nílé nígbà tí ibà pa ọmọ náà. Ó dé, ó ń fi ẹrù hàn níkọ̀ọ̀kan, ó sì fa aṣọ tó rà fún Durga yọ. Sarbajaya ìyá rẹ̀ ya ẹnu, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ kọ́ ni a gbọ́; ohùn tar shehnai, ohun èlò orin olókùn, ló han gooro nínú orin tí Ravi Shankar ṣe. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti fi abúlé sílẹ̀, Apu rí ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan Durga pé ó jí, tó sì sẹ́. Kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó jù ú sínú adágún odò, koríko orí omi là, ó sì padà pa dé. Ọmọ kékeré yẹn bo àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olùdarí náà sì bá a bò ó. Ẹni tó ń ta òṣì kì í bo àṣírí òtòṣì. Àwọn tó sì kọ́kọ́ sọ Pather Panchali di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nílé kì í ṣe ará òkèèrè: nígbà tó jáde ní Calcutta, ó kọ́kọ́ falẹ̀, kí èrò tó máa wọ́ lọ wò ó.

Ní Aparajito, ìdílé náà ti dé ìlú Benares. Inú ilé ìyàwòrán ni wọ́n kọ́ àgbàlá tí wọ́n ń gbé sí, Mitra sì ta aṣọ funfun lé e lórí, ó tan iná sí aṣọ náà kí ìmọ́lẹ̀ lè padà rọra bọ́ sílẹ̀ bíi ti ojú ọ̀run. Ọgbọ́n yìí wà lára ohun tó mú orúkọ rẹ̀ dúró láàárín àwọn ayàwòrán. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àjọ̀dún sinimá Venice ní 1957. Kò tà tó bẹ́ẹ̀ ní Bengal, bóyá nítorí pé ó sọ òótọ́ tó korò: ọmọ tó rí ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá ń jìnnà sí ìyá tó bí i. Ọkọ̀ ojú irin tó jẹ́ ìyanu fún Apu kékeré ti di ohun tí Sarbajaya ń wò láti òkèèrè, bóyá ọmọ rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ní Apur Sansar, ẹ̀gbẹ́ ojú irin gan-an ni Apu ń gbé, ariwo rẹ̀ sì ń dà á láàmú. Fíìmù àkọ́kọ́ Soumitra Chatterjee, tó ṣe Apu, nìyí. Sharmila Tagore tó ṣe Aparna, ìyàwó Apu, kò sì tíì pé ọdún 15. Wọn kò fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn hàn kedere. Apu jí, ó rí ìkótí ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ṣí páálí sìgá, ó bá ìwé pélébé níbẹ̀ tó ń rán an létí ìlérí rẹ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni lẹ́yìn oúnjẹ. Nítorí náà ni ikú Aparna lórí ìkúnlẹ̀ fi ń dun òǹwòran bí ẹni pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Apu pa Kajal ọmọ wọn tì fún ọdún bíi márùn-ún kó tó padà wá gbé e.

Iná pàápàá kò pa iṣẹ́ náà rẹ́. Ní 1993, iná jó ojúlówó fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní London. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Bologna, ní Ìtálì, fara balẹ̀ tún ohun tó kù ṣe, wọ́n sì tún gbé wọn jáde ní 2015. Àwọn olùdarí mìíràn náà ti tọ ipasẹ̀ Ray. Ní Amẹ́ríkà, Wes Anderson ya fíìmù The Darjeeling Limited (2007) sí i, ó sì lo orin inú àwọn fíìmù Ray. Nílé, Kaushik Ganguly ṣe Apur Panchali (2013) lórí ìgbésí ayé Subir Banerjee, ọmọ tó ṣe Apu kékeré tí kò tún ṣeré mọ́. Subhrajit Mitra náà ṣe Avijatrik (2021) ní dúdú àti funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn Apu àti Kajal níbi tí Ray ti dúró.