Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ìsanra Àpọ̀jù àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lára Ọ̀dọ́langba

Bí ọ̀dọ́langba bá sanra láàárín wa, ìyìn ni ó kọ́kọ́ máa ń gbà. A ó ní ara tù ú. A ó ní ìyá rẹ̀ mọ ọmọ tọ́jú. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ebi ni àwọn baba ńlá wa mọ̀ ní ọ̀tá ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìsanra tó kọjá ààlà lè bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn tí ọ̀pọ̀ wa rò pé àgbàlagbà nìkan ni ó ń ṣe.

Bí ara bá ṣe ń tóbi sí i ni iṣẹ́ ọkàn ń pọ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa fún káàkiri ara ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀rá àpọ̀jù, pàápàá èyí tó kó sí ikùn, tún máa ń mú kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara. Ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó tó ń gbà kọjá, yóò wá máa lọ sókè. Ó lè má dun ọmọ náà rárá, síbẹ̀ kí ó máa ba ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ojú lásán kò lè rí i. Àfi kí a wọ̀n ọ́n. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2017 sọ pé, fún ẹni tó ti pé ọdún 13, kí ìfúnpá má tó 120 lórí 80. Bí ó bá tó 130 lókè, tàbí 80 nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ sì kíyè sí aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá: bí ó bá kéré jù fún apá ọmọ náà, iye tí ẹ̀rọ yóò gbé jáde lè ga ju òótọ́ lọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má fi ebi pa á, ẹ má sì fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú kì í wo àìsàn. Gbogbo ilé ni kí ó jọ yí padà. Ẹ fi omi rọ́pò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ẹ dín iyọ̀ àti magí kù nínú ọbẹ̀, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sì pọ̀ sí i nínú àwo. Àjọ ìlera àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìwọ tí o jẹ́ ẹ̀gbọ́n, dìde, kí ẹ jọ rìn.

Bí a bá jẹ́ kí ìrókò dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú àbúrò yín lọ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ẹ sì wọn tiyín náà.