Ẹ Ka Ìwé Ejẹ́ǹtì Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀yin ará mi tó ń wá ilé rà ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Láti August 17, 2024, ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ò lè mú yín lọ wo ilé àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn ò ní kẹ́ ẹ so ara yín mọ́ ẹnì kan fún oṣù mẹ́fà! Ilé kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ wá fọwọ́ sí ti òun nìkan. Owó iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé, ẹ sì lè ná an. Tẹ́ ẹ bá yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè jẹ ejẹ́ǹtì méjì lówó. "Ọmọ ìjọ wa ni" ò ní kẹ́ ẹ má kàwé o.